Omijé Inú Ike

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ọ̀rọ̀ mi yìí, ẹ má tíì bá mi kẹ́dùn. Èmi ni mo ṣìkà. Ojú kan ṣoṣo ni ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi fi ń ríran lónìí, èmi ni mo sì fọ́ èkejì.

Kò pẹ́ tí wọ́n fẹ́ra ni làkúrègbé mú un. Ìka ọwọ́ rẹ̀ wú, orúnkún rẹ̀ le. Tó bá ń kí mi láàárọ̀ nílé wa ní Aké, kì í lè kúnlẹ̀, mo sì ní ìgbéraga ni. Nígbà tó ní òun kì í mí délẹ̀ mọ́, pé ojú ń ta òun bíi pé iyanrìn wà níbẹ̀, ẹ̀rín ni mo fi rín. Làkúrègbé wo ló ń ti orúnkún wọ ojú àti àyà? Ẹ̀gbọ́n mi nìkan ló gbà á gbọ́.

Ẹ̀jẹ̀ ríru pa ẹ̀gbọ́n mi lójijì. Lọ́jọ́ ìsìnkú, ìyàwó ké títí ohùn rẹ̀ fi há, ṣùgbọ́n omi kò jáde lójú rẹ̀. Àwọn àgbà ìdílé bẹ̀rẹ̀ sí í wo ara wọn. Opó tí kò da omi lójú fún ọkọ, kí la fẹ́ pè é? Mo tẹ̀lé e wọ yàrá, mo bá a níbi tó ti ń kán nǹkan sójú láti inú ike kékeré kan. Háà! Mo já a gbà, mo sáré jáde.

"Ẹ wá wò ó o! Omijé inú ike ló fẹ́ fi tàn wá jẹ!"

"Àǹtí mi, ẹ jọ̀ọ́, oògùn ojú mi ni. Àìsàn yìí ló fa omi ojú mi gbẹ."

Mo dà á sílẹ̀ níṣojú gbogbo wọn. A ní kò gbọdọ̀ jáde títí ogójì ọjọ́ á fi pé. Èmi ni mò ń gbé oúnjẹ fún un, ojoojúmọ́ ló sì ń bẹ̀ mí pé kí n bá òun ra oògùn náà. Mo ní kó kọ́kọ́ sunkún ná.

Nígbà tí àbúrò rẹ̀ fi gbé e dé ọ̀dọ̀ dókítà, egbò ti ba ojú ọ̀tún jẹ́. Dókítà ní àìsàn náà kì í mọ sí oríkèé, pé ó ń fa omi ojú àti itọ́ gbẹ, pé ó ti wọ ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ náà.

Níjẹta, mo lọ bẹ̀ ẹ́ nílé bàbá rẹ̀ ní Owódé. Mo kúnlẹ̀, omijé ń dà lójú mi. Ó fi ìka rẹ̀ tó ti wọ́ kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi, ó wo omi tó wà níbẹ̀.

"Àǹtí mi, tiyín pọ̀ o." Ó wọlé, ó tilẹ̀kùn.

Ẹ gbà mí nímọ̀ràn, kí ni kí n tún gbé lọ bá a? Ẹkún nìkan ni mo ní.