Ẹ Jẹ́ Kí Aláìsàn Jókòó Sílé

Alága wa, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ni ilé iṣẹ́ yìí, mo kí yín. Ẹ̀yin àgbà tẹ́ ẹ ti fẹ̀yìn tì ṣáájú mi, mo júbà. Ẹ̀yin olórí ẹ̀ka, ẹ̀yin aránṣọ, ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń gé aṣọ, ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń lọ̀ ọ́, ẹ̀yin awakọ̀, àti ẹ̀yin ìyá tẹ́ ẹ pọnmọ wá, ẹ kú ìkàlẹ̀. Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ fara balẹ̀. Bí mo tilẹ̀ ń fẹ̀yìn tì lónìí lẹ́nu iṣẹ́ máníjà, ẹ mọ̀ mí: mi ò mọ ọ̀rọ̀ fà gùn.

Ẹ̀rọ omi yàrá tí àwọn ọmọ wa ń wà nígbà tí a bá ń ṣiṣẹ́ kò yọ omi mọ́ láti ìparí òjò. Ìyá tó ń tọ́jú wọn mọ̀. Ó sọ fún mi. Èmi náà mọ̀. Mo sọ fún alága. Alága mọ̀, wọ́n ní ká dúró di ìpàdé. Ìpàdé dé, kọ́là ọrùn aṣọ la sọ̀rọ̀ lé lórí. Òmíràn dé, ó di ti bọ́tìnnì. Dípò omi, a gbé ìgò sànítáísà kan sẹ́nu ọ̀nà, ó ń ta sánsán bíi lọ́fínńdà, gbogbo wa sì gbà pé a ti ṣe nǹkan. Ẹ̀yìn ìyẹn ni èébì àti ìgbẹ́ gbuuru wọlé tọ̀ wá.

Ọmọbìnrin ọ̀gá tó ń bá wa gé aṣọ ló kọ́kọ́ mú. Ó ràn mọ́ bàbá rẹ̀, ó ràn mọ́ ìyá àgbà ilé wọn, ó dé ìlà àwọn tó ń rán ọrùn aṣọ. Èmi Màmá Kíákíá náà, kò dá mi sí: ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ni mo sọ di ọ́fíìsì, ibẹ̀ ni mo ti ń dáhùn fóònù. Ẹ rẹ́rìn-ín, ó yẹ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ẹ̀rín lọ́dọ̀ ọmọ yẹn. Ojú rẹ̀ jìn wọnú, ètè rẹ̀ gbẹ, ó ń sunkún láìsí omijé, kò sì tọ̀. Bàbá rẹ̀ dúró lẹ́nu ọ̀nà wọ́ọ̀dù ilé ìwòsàn, téèpù ìwọnṣọ ṣì wà lọ́rùn rẹ̀, ó ní, "Màmá, ṣé èmi tí mò ń gbé e wá síbi iṣẹ́ ni mo pa á báyìí?" Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run, ọmọ náà yè. Òun ló ń fa gèlè ìyá rẹ̀ tú lẹ́yìn níbẹ̀ yẹn.

Dókítà fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó ní, "Kòkòrò tójú ò lè rí ni, fáírọ́ọ̀sì. Kò mọ ọmọdé, kò mọ àgbà. Inú èébì àti ìgbẹ́ ló ń gbà jáde, ọwọ́ wa ló sì ń gbà dé ẹnu." Mo ní a ní sànítáísà. Ó mi orí. "Ìyẹn ò tó o, Màmá. Omi tó ń ṣàn àti ọṣẹ ni." Ó ní kápúsù tí à ń rà kiri kò ràn án. Omi tí a fi iyọ̀ òun ṣúgà inú sáṣẹ́ẹ̀tì ilé ìwòsàn pò ni kí a máa fún aláìsàn, díẹ̀díẹ̀, kí ìyá má sì dá ọmú dúró. Ibi tí èèyàn bá bì sí, bílíìsì ni kí a fi nù ún. Àjẹsára kan tilẹ̀ wà tí wọ́n ń kán sọ́mọ jòjòló lẹ́nu, tó ń gbógun ti ọ̀kan nínú àwọn kòkòrò wọ̀nyí. Ẹ̀yin ìyá, ẹ má jẹ́ kí àsìkò rẹ̀ kọjá. Èyí tó wá dùn mí jù: ó ní ẹni tí ara rẹ̀ ti yá pàápàá ṣì lè kó o ran ẹlòmíràn, kó jókòó sílé di ọjọ́ méjì lẹ́yìn tí gbogbo rẹ̀ bá dáwọ́ dúró.

Kí ló dé tó fi dùn mí? Nítorí èmi ni mo kó ẹ̀kọ́ òwò mi dé ibí, mo ń pariwo pé ẹni tó bá pa iṣẹ́ jẹ ti pa ẹgbẹ́ rẹ̀ lára. Ẹ gbọ́ràn jù! Ẹ rán aṣọ pẹ̀lú ibà, ẹ lọ aṣọ pẹ̀lú inú rírun, ẹ kó iṣẹ́ dé ọ̀dọ̀ oníbàárà kí ọjọ́ tó pé. Mi ò rí irú yín rí. Ẹ dárí jì mí.

Igbákejì mi, dìde. Má wojú alága, èmi ni mò ń bá ọ sọ̀rọ̀. Ìyàwó rẹ pè mí: o bì láàárọ̀ yìí, o wẹ̀, o wọ kóòtù, o sì wá.

Kí lo wí? O ní, "Màmá, inú lásán ni. Báwo ni mo ṣe fẹ́ jókòó sílé lọ́jọ́ tí ẹ̀ ń lọ?"

Mo gbọ́. Ọmọ mi ni ọ́ láìjẹ́ pé mo bí ọ; bí mo bá ti jágbe mọ́ èèyàn tán, ìwọ lo máa ń lọ rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún. Ìfẹ́ ló gbé ọ wá. Ṣùgbọ́n ìwọ náà ni wọ́n ní kó bu oúnjẹ fún gbogbo ilé yìí! Gbé ṣíbí yẹn sílẹ̀. Awakọ̀, ẹ bá mi gbé e lọ sílé. Ẹ mú ike tó lè bì sí dání. Mi ò ní bọ̀ ọ́ lọ́wọ́, ojú ni mo fi gbá ọ mọ́ra. Ẹ pàtẹ́wọ́ fún un. Ó tó. Kẹ́ni kẹ́ni má jẹun kó tó fọṣẹ fọwọ́ níbi ẹ̀rọ omi àgbàlá.

Ẹ̀yin èèyàn mi, bí iná kò bá tán láṣọ, ẹ̀jẹ̀ kì í tán léèékánná. Àwa aránṣọ ló yẹ kó mọ ìyẹn. Ẹ ò ní sunkún ọmọ. Iṣẹ́ ọwọ́ yín kò ní di ìṣẹ́. Ìlera yóò máa bá yín gbélé.

Àmín yín dùn, ṣùgbọ́n ti alága ni mò ń retí. Ọ̀gá mi, inú yín mọ́, ẹsẹ̀ yín ló wúwo. Ohun méjì ni: kí omi yọ ní yàrá àwọn ọmọ, kí ẹ sì fọwọ́ sí i pé ẹni tó bá ń bì tàbí tó ń yàgbẹ́ gbuuru yóò jókòó sílé, owó rẹ̀ kò sì ní dín. Ẹni tí ẹ máa gé owó rẹ̀, ṣé ó máa jókòó sílé? Kí ilẹ̀ ọjọ́ Ẹtì tó ṣú ni. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, èmi àti púlọ́ńbà tó ń tún ẹ̀rọ omi ṣe la máa jí yín láàárọ̀ Àbámẹ́ta.

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ ṣé, ẹ ṣé gan-an o. Mi ò tíì jókòó, alága. Ṣé ọjọ́ Ẹtì ni?