Ìlà Kẹrin Tí Ó Wà Léjìká Mi

Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí nígbà tí bàbá mi kú. Ìwé kẹta ni mo kà dé, ìwé sì parí fún mi níbẹ̀. Mo ru pákó títí èjìká mi fi bó. Mo di ọmọ ọkọ̀, mo sùn lábẹ́ lọ́rì nínú òjò. Mo di awakọ̀ agbégilódò, bíréèkì já lọ́wọ́ mi lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ Ẹ̀fọ̀n, mo bẹ́ sílẹ̀, gẹdú kan sì yí lù mí ní ìbàdí. Oṣù márùn-ún ni mo fi wà lórí bẹ́ẹ̀dì. Irin tí wọ́n fi so egungun mi pọ̀ ṣì wà nínú mi bí mo ṣe ń bá yín sọ̀rọ̀ yìí. Wọ́n ní mi ò ní rìn mọ́. Mo rìn. Wọ́n ní mi ò ní wakọ̀ mọ́. Ẹ wo èjìká mi! Ìlà wúrà mẹ́rin ni ó wà níbẹ̀. Kápútẹ́nì Stephen Ilésanmí ni mí, ọmọ bíbí Ẹ̀fọ̀n-Aláayè.

Ẹ má bínú pé ìyà ni mo kọ́kọ́ kà kí n tó kí yín. Ẹni tí ó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ gun òkè dé, ó yẹ kí ẹ jẹ́ kí ó mí ná.

Alága wa, Tíṣà Timothy, olùkọ́ àgbà tí ó fẹ̀yìntì ní Arámọkọ tí kò sì tíì fẹ̀yìn ti kíkọ́ èèyàn, mo kí yín. Ẹ̀yin àgbà ìlú tí ẹ jókòó lápá ọ̀tún, mo dọ̀bálẹ̀ nínú ọkàn, ìbàdí mi ni kò jẹ́ kí ẹ rí i. Pásítọ̀ wa àti àwọn ìyá ìjọ, ẹ kú àdúrà. Ẹ̀yin àlejò tí ẹ ti Ìjerò wá, ẹ̀yin tí ẹ ti Ìjurìn wá, pàápàá ẹ̀yin tí ẹ ti Ìjurìn wá, ẹ kú ọ̀nà. Modúpẹ́, aya mi, mo rí ọ. Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ Àwòdì-Òkè, tí a jọ ń fò. Ẹ̀yin èèyàn mi.

Mo mọ̀ pé àwọn kan wà níhìn-ín tí wọ́n ṣì ń bi ara wọn pé, irú bàálù wo ni bàbá yìí ń wà, níbi tí ó jẹ́ pé kò kúrò ní Ẹ̀fọ̀n láti ọjọ́ tí a ti mọ̀ ọ́n? Ẹ jẹ́ kí n là á yé yín. Ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú ni Àwòdì-Òkè, ṣùgbọ́n kò ní bàálù kankan nílẹ̀. Orí kọ̀ǹpútà ni gbogbo rẹ̀ wà. Olúkúlùkù yóò jókòó sínú ilé rẹ̀, yóò di ọ̀pá ìtukọ̀ mú, yóò gbé bàálù láti Èkó lọ sí Kánò, láti Àbújá lọ sí Àkúrẹ́. Bí ojú ọjọ́ bá ṣe rí lóòótọ́ ni yóò ṣe rí níbẹ̀. Ẹlòmíràn yóò jókòó sí ilé-ìṣọ́, òun ni yóò máa sọ ẹni tí yóò gbéra, ẹni tí yóò balẹ̀, ẹni tí yóò dúró. Ohùn wa ni a fi ń bá ara wa sọ̀rọ̀. Wọ́n ń ka wákàtí tí o fò, wọ́n ń dán ọ wò, láti orí ìlà kan dé orí ìlà mẹ́rin. Kò sí ẹni tí ń kú níbẹ̀, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n orúkọ ń kú níbẹ̀. Ẹ fi ọ̀rọ̀ yìí sọ́kàn, n ó padà sí i.

Ọmọ ọdún mẹ́tàlélọ́gọ́ta ni mí nígbà tí Mofẹ́olúwa ọmọ wa fi kọ̀ǹpútà náà ránṣẹ́ sí mi, pé kí n máa fi wo ìsìn nítorí ìbàdí tí kò jẹ́ kí n jáde. Ìsìn ni mo kọ́kọ́ ń wò. Lọ́jọ́ kan ni mo rí bàálù lórí rẹ̀. Ẹ̀yin èèyàn mi, nǹkan kan lára mi ti kú láti ọjọ́ tí agbégilódò já sí kòtò. Ọjọ́ yẹn ló jí. Àwọn ọ̀rẹ́ mi fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Wọ́n á gba iwájú ilé kọjá, wọ́n á ní, "Páílọ́ọ̀tì, ẹ gbé wa dé Ìdó!" Modúpẹ́ ńkọ́? Ó ní, "Bàbá Mofẹ́, bàálù yín tún ti gbé yín lọ, uṣu ti jóná l'úlé." Ṣé mo parọ́, Modúpẹ́? Ẹ wò ó, ó ń rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n obìnrin yìí náà ni ó máa ń gbé oúnjẹ wá sí ẹ̀gbẹ́ mi, tí yóò yọjú wo ojú kọ̀ǹpútà, tí yóò bèèrè pé, "Ibo lẹ dé báyìí?" Bí mo bá ní Bídà, á ní, "Ẹ rọra o."

Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ń sọ níbẹ̀, ta ni ó kọ́ mi? Tíṣà Timothy ni. Ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan ni ó ń gun ọ̀kadà láti Arámọkọ wá sí Ẹ̀fọ̀n. Ó kọ gbogbo ọ̀rọ̀ náà sórí páálí, bí Yorùbá ṣe ń pè é, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri yí mi ká bí kàlẹ́ńdà. Ó ní, "Stephen, ẹ̀ẹ̀kan sí i." Mo ní, "Tíṣà, ẹnu ti ro mí." Ó ní, "Ẹnu tó ro lónìí ni yóò dáhùn lọ́la." Mo kọ́ ọ. Mo há a sórí. Lónìí, èmi tí mo ka ìwé kẹta, mo lè ka àwòrán ojú ọ̀nà òfurufú bí ẹ̀yin ṣe ń ka ìwé orin. Wákàtí ẹgbẹ̀rún méjì ó lé irinwó ni mo fò. Ta ni ó tún fò tó bẹ́ẹ̀ ní gbogbo Èkìtì? Kí ó dìde! Àwọn ọmọ yunifásítì wà nínú ẹgbẹ́ wa, bí afẹ́fẹ́ bá le ní Jọ́ọ̀sì, èmi ni wọ́n ń pè. Ẹni tó bá ti gbé agbégilódò sọ̀kalẹ̀ òkè Ẹ̀fọ̀n nínú òjò, pápá bàálù wo ni yóò tún bà á lẹ́rù?

Ojú mi ni ó dá mi dúró. Dókítà ní kò ní sàn ju bí ó ṣe wà yìí lọ, ó kàn ń ṣú lọ díẹ̀díẹ̀ ni. Nítorí náà ni ẹ ṣe pè mí jáde lónìí. Ẹ fún mi ní àwo onígíláàsì yìí. Mo gbé e súnmọ́ ojú, mo kà á fúnra mi. Ohun tí ẹ kọ sí i ni pé, "Kápútẹ́nì Aláìlábàwọ́n."

Ẹ̀yin èèyàn mi, n kò lè gbé e lọ sílé.

Tíṣà, ẹ má dá mi dúró. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ tán. Moyinolúwa, ọmọ mi, ìwọ tí o jókòó sẹ́yìn lọ́hùn-ún pẹ̀lú àwọn òbí rẹ, má jáde. Ìwọ ni mo fẹ́ bá sọ̀rọ̀.

Gbogbo ẹgbẹ́ rántí ọjọ́ Sátidé yẹn, oṣù mẹ́rin sẹ́yìn, tí bàálù mẹ́rìnlélógún ń lọ tí wọ́n ń bọ̀ ní Èkó lórí kọ̀ǹpútà. Moyinolúwa ni ó wà ní ilé-ìṣọ́. Bàálù kan ń balẹ̀, òmíràn sì rìn bọ́ sójú ọ̀nà rẹ̀, wọ́n kọlu ara wọn. Moyinolúwa ní òun ké pé kí ó dúró. Awakọ̀ náà ní òun kò gbọ́ nǹkan kan, àfi ariwo jẹnẹrétọ̀. Ìgbìmọ̀ jókòó, wọ́n ní ọmọ náà pẹ́ kí ó tó ké. A mú un kúrò ní ilé-ìṣọ́. Ìwé ẹ̀rí tí ẹgbẹ́ ti kọ fún un, èyí tí ó fẹ́ fi wọ ilé-ẹ̀kọ́ àwọn tí ń darí bàálù tòótọ́, a fà á ya.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ìgbìmọ̀ kò mọ̀. Ẹnì kan ṣoṣo ni ó lè sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà lórí ẹ̀rọ wa. Bí ẹnì kan bá tẹ bọ́tìnnì tó wà lórí ọ̀pá ìtukọ̀ rẹ̀ tí kò jọ̀wọ́ rẹ̀, kò sí ẹni tí yóò tún gbọ́ ẹnìkejì. Ẹ̀rọ náà kì í sì í fi orúkọ ẹni tí ó tẹ̀ ẹ́ hàn. Ọ̀gá mi tí ó kọ́ mí ní ọkọ̀ kọ́ mi pé, kí n tó ṣíná, kí n fi ọwọ́ méjèèjì di sítíárìn mú ṣinṣin, kí n gbé iwájú orí lé e, kí n gbàdúrà nínú ọkàn. Àádọ́ta ọdún ni mo fi ń ṣe bẹ́ẹ̀. Bí mo ṣe ń ṣe é nínú lọ́rì ni mo ń ṣe é nínú bàálù. Lọ́jọ́ náà, mo ń dúró kí ó kàn mí láti gbéra. Mo di ọ̀pá ìtukọ̀ mú, mo gbé orí lé e, mo gbàdúrà. Àdúrà mi kì í kúrú. Nígbà tí mo gbójú sókè, iná tíńtín tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ bọ́tìnnì náà ń tàn. Àtàǹpàkò mi ni ó wà lórí rẹ̀. Jẹnẹrétọ̀ ilé mi ni wọ́n ń gbọ́.

Mo mọ̀ lójú ẹsẹ̀. Kì í ṣe pé mo ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀ lónìí. Mo jọ̀wọ́ ọwọ́ mi, mo sì gbọ́ ọmọ yìí tí ó ń sunkún lórí ẹ̀rọ.

Àdúrà kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Àṣìṣe ni ti bọ́tìnnì. Ṣùgbọ́n nígbà tí ìgbìmọ̀ bi wá lọ́kọ̀ọ̀kan pé, "Ṣé ìwọ ni?" kí ni mo wí? Mo ní kì í ṣe èmi. Mo tún fi tèmi kún un bí àgbà; mo ní, "Ọmọdé ni, kò mọ bí a ti ń tètè pariwo." Kí ló dé? Nítorí pé ọ̀sẹ̀ kejì ni wọ́n fẹ́ fún mi ní ìlà kẹrin. Ọmọ ìwé kẹta fẹ́ di kápútẹ́nì! Wọ́n fún mi. Ẹ pàtẹ́wọ́. Moyinolúwa fúnra rẹ̀ pè mí lórí fóònù, ó ní, "Bàbá, ẹ kú oríire."

Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Èmi wà lọ́jà. Èmi gan-an ni mo wọ́ ọ.

Ẹ̀yin òbí rẹ̀, n kò ní àwáwí. Moyinolúwa, n kò sọ pé kí o dárí jì mí nítorí irun funfun. Ìwọ kò pẹ́. O ké lásìkò. Ọwọ́ mi ni ó di ohùn rẹ.

Tíṣà, ẹ gba ìlà kẹrin yìí, mo ti tú u. Ẹ gba àwo náà. Mẹ́ta yòókù, èmi ni mo ṣiṣẹ́ fún wọn, kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn wọ́n.

Ọlọ́run Ọba tí ó yọ mí lábẹ́ gẹdú, kí ó má jẹ́ kí iṣẹ́ ọwọ́ yín di ìdènà ọmọ ọlọ́mọ. Kí ojú yín má ṣú kí ọkàn yín tó mọ́lẹ̀. Kí ẹ balẹ̀ láyọ̀ níbikíbi tí ẹ bá gbéra lọ. Ẹ ṣé tí ẹ gbọ́ mi tán, ẹ ṣé tí ẹ kò tíì dìde.

Ó ku ohun kan. Ọjọ́ Ajé ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀, èmi àti Tíṣà yóò lọ sí ilé Moyinolúwa ní Ìjurìn, a ó mú ìwé ẹ̀rí mìíràn dání, èmi ni n ó kọ́kọ́ fọwọ́ sí i, nítorí òpin oṣù ni ilé-ẹ̀kọ́ àwọn tí ń darí bàálù náà yóò ti ilẹ̀kùn ìgbàwọlé. Ní ọjọ́ Sátidé, bí ọmọ náà bá gbà, òun ni yóò jókòó sí ilé-ìṣọ́, n ó sì fò lẹ́ẹ̀kan péré sí i, Èkó sí Àkúrẹ́. N ó gbé ọwọ́ méjèèjì lé itan. N ó gbàdúrà tán. Lẹ́yìn náà ni n ó ṣẹ̀ṣẹ̀ tẹ bọ́tìnnì, n ó ní, "Ilé-ìṣọ́, ṣé kí n máa bọ̀?" Bí ó bá ní kí n dúró, n ó dúró.