Ilẹ̀ Òfìfo

Nínú tasí tó ń gbé wa láti àdúgbò Wadata lọ sí ọjà Petit Marché, ìyá àgbà kan ń bi ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin léèrè ohun tó rí ní ọ́fíìsì ọgbà igi.

"Wọ́n fi máàpù àtijọ́ hàn mí, àti lẹ́tà àwọn òyìnbó tó kọ́kọ́ gbin igi síbẹ̀."

"Ilé bàbá wa tí wọ́n wó kí wọ́n tó gbin igi náà ńkọ́?"

"Kò sí nínú ẹ̀. Ilẹ̀ òfìfo ni wọ́n kọ síbẹ̀."

"Òfìfo kẹ̀? Níbi tí wọ́n sin ìwọ́ èmi àti ẹ̀yin sí?"

"Igi nìkan ni wọ́n kọ orúkọ wọn, àbúrò mi."

Ìyá náà ń pe "òfìfo, òfìfo" lẹ́nu bí ẹni tó ń tọ́ oògùn kíkorò wò. Nígbà tó yá, ó rọra béèrè pé:

"Ẹ̀gbọ́n mi, igi wo ni wọ́n gbìn lé ìwọ́ mi lórí?"