Ẹsẹ̀ Mi Ti Yá Tipẹ́

Ẹ̀yin ẹbí àti aládùúgbò, ẹ gbọ́ ọ lẹ́nu èmi fúnra mi: ó ti tó oṣù mẹ́jọ tí ẹsẹ̀ mi ti yá. Èmi aránṣọ tí ẹ ń wá kí, tí ẹ ń káàánú, irọ́ ni mo ń pa fún yín.

Nígbà tí rọpárọsẹ̀ mú mi lẹ́sẹ̀ ọ̀tún, òótọ́ ni. Ilé ìwòsàn fún mi ní aṣọ tó ń ranni lọ́wọ́ láti rìn: bẹ́líìtì ní ìbàdí, irin fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ lẹ́bàá itan, ẹ̀rọ kékeré lórúnkún. Ó máa ń kọ́ ìrìn ẹni tó wọ̀ ọ́. Ibi tí agbára ẹsẹ̀ bá kù sí ló ti ń fi tirẹ̀ kún un. Àbíkẹ́yìn mi, tó fi ilé rẹ̀ sílẹ̀ wá tọ́jú mi, sọ ọ́ ní Ọkọ Màmá, torí pé ó ń dì mọ́ mi. Tó bá dè é fún mi tán láàárọ̀, á ní, "Ó yá, ẹ̀yin àti ọkọ yín, ẹ máa bọ̀."

Nígbà tí ẹsẹ̀ yá, ẹ̀rù bà mí. Bí mo bá ti ń dá rìn, ọmọ á lọ, ilé á sì dá páropáro. Ni mo bá ń mọ̀ọ́mọ̀ wọ́ ẹsẹ̀ nílẹ̀. Àgbàyà ni mí, mo mọ̀.

Èyí tó burú jù nìyí. Lọ́jọ́ tí lẹ́tà iṣẹ́ tí ọmọ mi ti ń wá láti ọdún mẹ́ta dé láti òkèèrè, ijó ló ń jó wọlé. Mo kí i kú oríire, mo sì mọ̀ọ́mọ̀ ṣubú lẹ́nu ọ̀nà. Ó ń gbé mi dìde, ó ń sunkún: "Mi ò lọ mọ́, Màmá. Ta ni mo fẹ́ fi yín sílẹ̀ fún?" Ó kọ̀wé pé òun ò lè wá. Mo sì jẹun yó lọ́jọ́ náà.

Lánàá ni ẹni tó ń tún aṣọ náà ṣe yẹ àkọsílẹ̀ ìrìn mi tó wà nínú rẹ̀ wò, ló bá bú sẹ́rìn-ín. "Màmá, aṣọ ń tì yín síwájú, ẹ̀yin ń fà á sẹ́yìn! Ẹ tètè sọ fún wọn nílé o."

Mo sọ fún ọmọ mi láàárọ̀ yìí, ara mi sì fúyẹ́ bí ẹni sọ ẹrù kalẹ̀. Ẹ̀yin ìyá, ẹ má fi àìsàn so ọmọ mọ́lẹ̀. Mo ní kó dárí jì mí. Ó ní, "Òùngbẹ ń gbẹ mí. Ẹ lọ bu omi wá." Mo bọ́ Ọkọ Màmá sílẹ̀, mo fẹsẹ̀ ara mi rìn lọ bu omi wá. Ó mu ún tán, ó na ife sí mi.

"Ẹ tún lọ bù sí i."