Ẹ̀dọ̀ Tí Èmi àti Àǹtí Tinúadé Jọ Pín

Ẹ̀yin ẹbí, ẹ̀yin ará ìjọ, ẹ̀yin tí ẹ ti ibi iṣẹ́ wá láti Orégùn pẹ̀lú yúnífọ́ọ̀mù lọ́rùn, ẹ kú ìrọ́jú. Èmi Reuben ni mò ń sọ̀rọ̀, àbúrò Tinúadé, ọmọ bàbá kan náà. Ìyá wa yàtọ̀, ṣùgbọ́n ẹ ò lè mọ̀ ọ́n nílé wa. Bí ohùn mi bá ń gbọ̀n, ẹ má rò pé ẹkún nìkan ni. Ẹ̀rù ló ń bà mí.

Mo ti gbọ́ ohun tí àwọn kan ń sọ lábẹ́ tẹ́ǹtì lọ́hùn-ún. Wọ́n ní ẹ̀dọ̀ tí mo fún ẹ̀gbọ́n mi ló pa wọ́n. Wọ́n ní èmi tí mo fún wọn ló kàn. Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe ṣẹlẹ̀, níṣojú ẹni tó ni ọ̀rọ̀.

Ẹ rántí Àǹtí Tinú nígbà tí wọ́n jẹ́ súpáfáísọ̀ ní iléeṣẹ́ bisikíìtì. Ohùn wọn ga ju ẹ̀rọ lọ! Ojú wọn wá bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n. A ní ibà pọ́njúpọ́ntọ̀ ni, a ń fún wọn lágbo. Inú wọn wú bíi ti aboyún. Dókítà kan ní Ìlúpéjú ló sọ òótọ́ fún wa: jẹdọjẹdọ ni, kòkòrò rẹ̀ ti wà lára wọn tipẹ́, ó sì ti ba ẹ̀dọ̀ wọn jẹ́ tán. Ó ní, "Àfi ká pààrọ̀ ẹ̀dọ̀ yẹn. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹ máa múra sílẹ̀."

Wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ àwa tó yọ̀ǹda ara wa wò. Tèmi ló bá tiwọn mu. A lọ sí Íńdíà, níbi tí wọ́n ti máa pààrọ̀ rẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ iṣẹ́ abẹ náà, ẹ̀gbọ́n mi pè mí.

"Reuben, tó o bá fẹ́ yẹra, yẹra báyìí. N ò ní bínú."

Mo ní, "Àǹtí, ẹ̀rù ń bà mí."

Wọ́n ní, "Èmi náà. Jẹ́ ká jọ máa bẹ̀rù lọ."

Bí wọ́n ṣe tì wá wọlé nìyẹn. Apá kan ẹ̀dọ̀ mi ni wọ́n gé fún wọn, tèmi sì ti hù padà. Ẹ wò mí, mo wà láàyè.

Àǹtí Tinú lò ju ọdún mẹ́wàá lọ lẹ́yìn rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ má pè é ní ọdún ìrọ̀rùn o. Oògùn kan ń sé kòkòrò náà mọ́lẹ̀, òmíràn ń bá wọn tu ara lójú kó má baà kọ ẹ̀dọ̀ àlejò. Ojoojúmọ́ ni. Bí ara wọn bá gbóná díẹ̀ báyìí, a ti ń wá ọkọ̀ tó máa gbé wọn lọ sí ọsibítù. Damaris ọmọ wọn kọ́ láti máa wo ẹyinjú màmá rẹ̀ láràárọ̀, kó tó kí wọn, bóyá ó tún ti ń pọ́n.

Wọ́n sì lágídí! Bàbá kan nínú ìjọ wa ní kí wọ́n sọ oògùn nù, pé ìgbàgbọ́ ti wò wọ́n sàn. Àǹtí gbé oògùn mì níṣojú bàbá, wọ́n fi omi lé e, wọ́n ní, "Àmín, sà." Ẹ rẹ́rìn-ín, kò burú. Nígbà tí Jọkẹ́, tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́, ya ife wọn sọ́tọ̀ níbi iṣẹ́ kó má baà kó àrùn náà, wọn ò bá a jà. Wọ́n mú un lọ́wọ́ lọ bá nọ́ọ̀sì, kó lè gbọ́ létí ara rẹ̀ pé irú èyí kì í ti ara ife ranni. Ọjọ́ yẹn ni Jọkẹ́ gba abẹ́rẹ́ àjẹsára. Òun ló ń sunkún lẹ́gbẹ̀ẹ́ pósí yẹn.

Kíndìnrín ló pa wọ́n níkẹyìn, kì í ṣe ẹ̀dọ̀. Oògùn tó ń bá wọn ṣọ́ ẹ̀dọ̀ ló ń pa kíndìnrín lára díẹ̀díẹ̀. Àwọn dókítà dín oògùn náà kù, wọ́n fi òmíràn pààrọ̀ rẹ̀, kò bọ́ sí i. Ó di ẹ̀rọ tó ń fọ ẹ̀jẹ̀. Lọ́jọ́ tí wọ́n kú, dókítà sọ fún mi pé, "Ẹ̀dọ̀ náà ṣì ń ṣiṣẹ́ dáadáa." Mo jókòó sílẹ̀. N ò mọ̀ bóyá kí inú mi dùn ni.

Ohun tó ń bà mí lẹ́rù jù jókòó síwájú mi yìí. Ìgbẹ́kẹ̀lé, àbúrò wọn, ọmọ ìyá wọn gan-an. Dókítà ní ó jọ pé ara ìyá wọn ni kòkòrò náà ti bá wọn wáyé. Ìyá náà ti kú kí ẹnikẹ́ni tó dárúkọ àrùn yìí nílé wa. Láti ìgbà náà la ti ń bẹ Ìgbẹ́kẹ̀lé pé kó lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò. Á ní, "Ẹ fi mí sílẹ̀, kò sóhun tó ń ṣe mí." Lọ́sẹ̀ tó kọjá, níwájú mọ́ṣúárì, ó di apá mi mú.

"Bọ̀dá Reuben, ẹ bá mi wo ojú mi. Ṣé ó ń pọ́n?"

Mo wò ó. Mo tún wò ó. Mo ní, "Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ló lè sọ."

Mọ́ńdè la ń lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò. Ó ti gbà. Ẹ̀yin èèyàn mi, mo bẹ̀ yín, ẹ lọ yẹ tiyín náà wò. Ẹni tó bá tètè mọ̀, oògùn wà. Ẹni tí kò tíì ní in, àjẹsára wà. Ẹ máa bẹ̀rù lọ, ṣùgbọ́n ẹ ṣáà lọ.

Àǹtí Tinú, kí ọ̀nà yín mọ́lẹ̀. Ẹ má wẹ̀yìn nítorí Damaris, ọwọ́ wa ló wà. Ẹ rọra máa lọ. Tí ẹ bá rí ìyá yín níbẹ̀, ẹ dì mọ́ wọn. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n bẹ̀ yín. Wọn ò mọ̀ pé kòkòrò náà wà lára àwọn.