Áńgẹ́lì Ọlọ́wọ́ Òsì

A ń dúró de takisí ní ibùdókọ̀ Rio nígbà tí ìyá ìjọ kan kọjú sí ayàwòrán tó gbé pátákó tó ya áńgẹ́lì sí dání.

"Ọwọ́ òsì ni áńgẹ́lì yìí fi gbé fèrè sẹ́nu! Níwájú Ọlọ́run? Ta ló ń fi òsì kí ọba?"

"Ẹ má bínú, Màmá. Mi ò tiẹ̀ kíyè sí i."

"Lọ tún un yà. Ìjọ ò ní gbé e kọ́ báyìí."

"Màá tún un yà. Ṣùgbọ́n ọwọ́ òsì náà ni màá fi yà á, Màmá. Òun ni Ọlọ́run fún mi láti fi ṣiṣẹ́."

Nígbà tí takisí dé, Bíbélì wà lọ́wọ́ ọ̀tún Ìyá. Ọwọ́ òsì ló fi bá ayàwòrán gbé pátákó náà wọ ọkọ̀.