Ewúro Kò Lè Ṣí Fèrèsé

Má gbé àga fún mi, Afeez, mi ò wá jókòó, má sì rán ẹnikẹ́ni lọ ra mínírà, òùngbẹ kò gbẹ mí. Láti Dópẹ̀mú ni mo ti fi ẹsẹ̀ rìn wá síbí, mo ní kí ìbínú yìí rọlẹ̀ kí n tó dé ọ̀dọ̀ rẹ, ńṣe ló ń ga sí i bí mo ṣe ń rìn. Fi ilẹ̀kùn yẹn sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Kí akọ̀wé rẹ máa gbọ́. Ohun tí mo fẹ́ sọ kì í ṣe àṣírí, ṣebí ẹ̀yin náà lẹ lẹ orúkọ mi mọ́ ògiri.

Ta ló ní kí ẹ lẹ̀ ẹ́ síbẹ̀? Dá mi lóhùn. Èmi Fàúsát, tí mo kọ́ ọ ní báólójì fún ọdún mẹ́ta gbáko ní Agége, tí mo fi ọwọ́ ara mi kọ lẹ́tà tí wọ́n fi gbà ọ́ síṣẹ́ alábòójútó ní ilé iṣẹ́ yìí, àní mo kọ ọ́ síbẹ̀ pé ọmọ tó ń fetí sílẹ̀ ni. Ọmọ tó ń fetí sílẹ̀. Èmi gan-an ló yẹ kí wọ́n nà ní ẹgba.

Ọ̀rọ̀ Shuaib àbúrò mi ni mo bá wá, o sì mọ̀ bẹ́ẹ̀, o kàn ń yí bírò lọ́wọ́ ni. Shuaib tó ń fọ irin fún yín ní yàrá ẹ̀yìn láti ọdún méje, tó ń ki irin bọ inú kẹ́míkà kí ọ̀rá lè kúrò lára rẹ̀ kí wọ́n tó kùn ún lọ́dà. Ẹyinjú rẹ̀ ti pọ́n bí inú ìbẹ́pẹ. Ìtọ̀ rẹ̀ dúdú bíi tíì tí wọn ò fi mílíìkì sí. Sùlíyá, ìyàwó rẹ̀, rò pé ibà pọ́njú lásán ni, ó ń se àgbo fún un, títí di Àlàmísì tó kọjá. Ladani ni Shuaib, o mọ̀, òun ló ń pe ìrun ní mọ́sáláṣí àdúgbò wa láti ọdún méjìlá, ohùn rẹ̀ ni gbogbo wa fi ń mọ̀ pé ilẹ̀ ti mọ́. Ní Àlàmísì yẹn ó gòkè lọ pe ìrun àárọ̀, ó pe ẹsẹ̀ kan, ohùn kò jáde mọ́, ó di ògiri mú, ó jókòó sílẹ̀. Èmi náà ń ṣe àlùwàlá lọ́wọ́. Mò ń retí ẹsẹ̀ kejì. Mò ń retí rẹ̀ títí di báyìí.

Dókítà wo ojú rẹ̀, ó tẹ abẹ́ ìhà rẹ̀ lápá ọ̀tún, Shuaib ké. Wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lọ yẹ̀ wò. Ẹ̀dọ̀ rẹ̀ ti ń jó, bẹ́ẹ̀ ni dókítà wí, ó ní bó bá tún fi lè lo oṣù kan péré nínú yàrá yẹn, kí a má wá bi òun léèrè mọ́.

Kí lo wá fi ránṣẹ́ sí wa? Lẹ́tà. O ní ẹ ti ṣe ìwádìí, ẹ rí i pé ọtí ló bá ẹ̀dọ̀ rẹ̀ jẹ́. Ọtí! Ladani! Ẹni tí kì í mu omi àgbàdo tó bá ti sun ọjọ́ kan nítorí ó ní ó ti fẹ́ máa kan. O sì fi kún un pé bí kò bá wọ yàrá ìfọ̀ lọ́la, ẹ ó kà á sí ẹni tó fi iṣẹ́ sílẹ̀ fúnra rẹ̀. Sùlíyá ka lẹ́tà yẹn lẹ́ẹ̀mejì, ó wò mí, ó ní, "Àǹtí, ṣé ó ń mu ún níbi tí mi ò ti rí i ni?" Ìwọ lo fi ìbéèrè yẹn sí ẹnu ìyàwó rẹ̀. Jẹ́ kí ó yé ọ.

Dúró. Má tíì dá mi lóhùn. Jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń kọ́ni láti àárín.

Nígbà tí Shuaib wọṣẹ́ níbí, fáànù ńlá kan wà lára ògiri yàrá yẹn tó ń fa òórùn kẹ́míkà jáde, fèrèsé mẹ́rin wà, wọ́n ń fún wọn ní ìbomú lóṣooṣù, wọ́n sì ń fún ẹnì kọ̀ọ̀kan ní agolo mílíìkì kan lójúmọ́. Mo máa ń fi mílíìkì yẹn ṣe ẹ̀rín. Mo sọ fún Shuaib pé mílíìkì kì í fọ ẹ̀dọ̀, èèyàn kan ló gbé àṣà yẹn kalẹ̀ láìmọ ìdí rẹ̀. Ó ní, "Àǹtí, ẹ má sọ ọ́ sókè o, àwọn ọmọ ń fi mu ògì nílé." Mo rẹ́rìn-ín, mo panu mọ́. Fáànù àti fèrèsé ṣáà wà.

Sáàpù dé, ètò ọrọ̀ ajé tí ìjọba sójà gbé kalẹ̀. Gbogbo wa la mọ bó ṣe dé. Mílíìkì di ohun ojú ń wò lórí àtẹ, ẹ dá a dúró. Fáànù bàjẹ́, ẹ ní ohun èlò rẹ̀ di òkè òkun, náírà ò ká a mọ́. Mo gbà. Ìlú le fún gbogbo wa, ilé-ẹ̀kọ́ tèmi kò ní ṣọ́ọ̀kì. Mi ò bínú sí ẹnikẹ́ni nítorí pé kò ní.

Ìgbà yẹn lo wá sílé mi, nínú oṣù ààwẹ̀. O mú dàbínù wá. O jókòó sórí ẹní bí ọmọ dáadáa, o ní ara àwọn òṣìṣẹ́ rẹ ń dùn ọ́, o ní, "Mà, ṣé kò sí ewé tó lè gba ẹ̀dọ̀ sílẹ̀ lọ́wọ́ kẹ́míkà?" Inú mi dùn, Afeez. Èyí gan-an ló ń jẹ mí lọ́kàn. Inú mi dùn débi pé mo gbàgbé pé ẹnu ń gbẹ mí. Mo dìde, mo bẹ iṣu méjì, mo fún òroǹbó wẹ́wẹ́ sí ara ọ̀kan, mo fi èkejì sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, mo ní kí o máa wò. Títí a fi ṣínu, èyí tí a fi sílẹ̀ ti dúdú, olóròǹbó ṣì funfun. Mo ní afẹ́fẹ́ tí à ń mí yìí, ó ń jẹ iṣu bó ṣe ń jẹ àdá, òroǹbó gba iṣu sílẹ̀ bí epo ṣe ń gba àdá lọ́wọ́ ìdógùn-ún. Ṣé mo sọ bẹ́ẹ̀ tàbí mi ò sọ bẹ́ẹ̀?

Mo tún ṣàlàyé ti kẹ́míkà. Mo ní bó ṣe wọ inú ara, kò tíì gbé nǹkan ńlá ṣe. Ẹ̀dọ̀ ló máa gbà á, nítorí iṣẹ́ ẹ̀dọ̀ ni kó máa tú májèlé palẹ̀, ibi tó ti ń tú u palẹ̀ ni wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀. Ó máa ń já sí wẹ́wẹ́, wẹ́wẹ́ kọ̀ọ̀kan sì dà bí ẹni tí wọ́n já aṣọ gbà lára rẹ̀ láàárín èrò. Kí ló máa ṣe? Yóò já aṣọ ẹni tó dúró tì í. Ẹni yẹn náà yóò já ti ẹni tó kàn án. Kí a tó ṣẹ́jú, gbogbo àdúgbò ti wà ní ìhòòhò, ìyẹn ni pé ẹ̀dọ̀ ti ń bàjẹ́. Ewúro, ewé tí mo dárúkọ fún ọ, wá dà bí ẹni tó ru àpò aṣọ dé, tó ń pín in: gba tìrẹ, gba tìrẹ, ẹ má já ti ẹlòmíràn mọ́. O rẹ́rìn-ín nígbà tí mo sọ ọ́. O ní ó yé ọ.

Lẹ́yìn rẹ̀ ńkọ́? Ìbéèrè wo ni mo bi ọ́ lẹ́yìn rẹ̀? Mo ní, "Afeez, bí aṣọ inú àpò bá tán ńkọ́?" O ń yí èso dàbínù lọ́wọ́ bí o ṣe ń yí bírò yẹn. Èmi ni mo fi ẹnu ara mi dáhùn pé bí kẹ́míkà bá ń wọlé láti àárọ̀ títí fèrè ìrọ̀lẹ́ fi dún, kò sí àpò tó máa tó o. Eku tí wọ́n fi dán an wò pàápàá, tí wọ́n fún ní ewé kí wọ́n tó fún un ní májèlé, ẹ̀dọ̀ rẹ̀ bàjẹ́ níwọ̀nba ni, mi ò sọ pé kò bàjẹ́ rárá. Mo wá kọ gbogbo rẹ̀ sínú ìwé fún ọ, ní Yorùbá, kí àwọn òṣìṣẹ́ lè kà á fúnra wọn.

Kí lo fi ìwé mi ṣe?

O gbé dúrọ́ọ̀mù ewúro sí ẹnu ọ̀nà yàrá ìfọ̀, ìṣòro bùṣe. Kí oníkálùkù mu ife kan kó tó wọlé, kí ẹ̀ṣọ́ máa fàmì sí orúkọ rẹ̀. Ìbomú dáwọ́ dúró, nítorí ewúro ti wà. Fèrèsé mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ẹ fi pákó kàn wọ́n pa nítorí eruku ń bà lé irin tí wọ́n ti fọ̀, èèyàn kò sì lè kú mọ́, ewúro ti wà! Ẹni mọ́kànlá nínú yàrá tí kò ní ojú afẹ́fẹ́, tí kẹ́míkà tó ń rùn dídùndídùn bí èso tó pọ́n jù ń hó sí wọn nímú, ẹ bu omi ewé fún wọn bí ẹni bu omi sí ilé tó ń jó láti inú ife.

Ẹ sì lẹ ìwé mi mọ́ ògiri lókè dúrọ́ọ̀mù. Ìwé ọwọ́ mi. Orúkọ mi lókè.

O ò mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ tí ẹ lẹ̀ ẹ́. Shuaib ti rí iṣẹ́ mìíràn. Ẹnì kan fẹ́ gbà á kó máa ṣọ́ ilé ìtajà ní Allen, orí àga, abẹ́ afẹ́fẹ́. Ó ti fẹ́ wá sọ fún yín pé òun ń lọ. Ó dé ẹnu ọ̀nà, ó rí ìwé, ó mọ ọwọ́ mi, èmi ni mo kọ́ ọ ní bí wọ́n ṣe ń di bírò mú. Ó pa dà sẹ́nu iṣẹ́. Kò tilẹ̀ bi mí. Àná ló ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ ọ́, lórí ibùsùn, ó ní, "Bí Àǹtí bá ti kọ ọ́, kí ni mo tún ń bèèrè sí?" Ó sì ń tù mí nínú, Afeez! Òun tó ń ṣàìsàn ló ń ní kí n má sunkún, ó ní bóyá òun ò mu ewúro yẹn tó ni.

Ìdí nìyí tí mo fi kọ́kọ́ gba ẹ̀yìn wọlé lónìí, kí n tó gòkè wá bá ọ. Mo fẹ́ fi ojú mi rí ìwé yẹn. Mo dúró níwájú rẹ̀, mo kà á, ó dùn ún kà, mo dé ìsàlẹ̀, mo wá ìlà mẹ́ta tó kẹ́yìn, wọn ò sí níbẹ̀. Ẹnì kan ti fi àlùmọ́gàjí gé ìdí ìwé mi. Ó gé e tọ́ọ́rọ́, kò wọ́ rárá.

Ọ̀gá pátápátá ló gé e? Bẹ́ẹ̀? Ọ̀gá yín tí kò gbọ́ Yorùbá, tí ẹ máa ń túmọ̀ "ẹ kú iṣẹ́" fún, báwo ló ṣe mọ ìlà tó yẹ kó gé? Afeez. Wò mí lójú. Nínú gbogbo ohun tí mo kọ́ ọ, èyí tó yé ọ jù ni ìlà mẹ́ta yẹn. Ó yé ọ dáadáa ni o fi gé e.

Má sunkún níwájú mi, mi ò ní àyè rẹ̀.

O gbàgbé pé tíṣà ni mí. Tíṣà kì í kọ nǹkan láìfi pépà kábọ́ọ̀nù sí abẹ́ rẹ̀. Ẹ̀dà rẹ̀ nìyí, odindi, ó jókòó sínú àpò mi láti oṣù ààwẹ̀. Kí lò ń fọwọ́ sí yẹn? Gbé e wá. Pé kí Shuaib kúrò ní yàrá ìfọ̀, kó máa bá wọn di ẹrù bí ara rẹ̀ bá yá. Pé lẹ́tà ọtí yẹn ti di asán. Ó dára. Mo gbà á, màá fún Sùlíyá kó fi ojú ara rẹ̀ kà á.

O mí kanlẹ̀? O rò pé ó ti tán nìyẹn? Àwọn mẹ́wàá tó kù ńkọ́? Ṣé ẹ̀dọ̀ tiwọn, irin ni? Bóyá ìyá tiwọn ò bí wọn pọ̀ mọ́ tíṣà kankan, ni ẹ fi fẹ́ máa bu ewúro fún wọn lọ. Orúkọ mi ni wọ́n ń mu, Afeez. Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń fi orúkọ mi wọ inú yàrá yẹn. O ní ọ̀gá yín lè pe sójà sí mi. Kó pè wọ́n. Tíṣà ló kọ́ àwọn náà níwèé, wọ́n á dúró gbọ́.

Òòlù nìyí. Bẹ́ẹ̀ ni, inú àpò mi ló wà, abẹ́ ìwé. Ẹ̀yìn rẹ̀ ló ń fa ìṣó. Fèrèsé mẹ́rin ni, wọn ò pọ̀ jù fún ẹni tó mọ àlùmọ́gàjí lò báyẹn.

O gbọ́ fèrè yẹn? Oúnjẹ ọ̀sán. Gbogbo wọn ń jáde bọ̀, wọ́n á gba iwájú dúrọ́ọ̀mù yẹn kọjá. Dìde. Kí o tó fa ìṣó kankan, wàá ka ìwé yìí sí wọn létí, láti orí dé ìdí. Bí o bá dé ìlà mẹ́ta ìsàlẹ̀, níbi tí mo ti kọ ọ́ pé ewúro lè ran ẹ̀dọ̀ lọ́wọ́ ṣùgbọ́n kò lè ṣí fèrèsé, kò lè di ìbomú, ẹni tí wọ́n bá tì mọ́ inú yàrá kẹ́míkà kó jáde kíá, o kò gbọdọ̀ rẹ ohùn sílẹ̀.

Shuaib wà lẹ́nu géètì, lórí búlọ́ọ̀kù, ó ní òun ò lè dúró sílé. Ọdún méjìlá ló fi ń pe gbogbo wa. Kà á sókè, Afeez, kó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.